Oyèkànmí Ròfọ́ fún Ọgbọ̀n Ọkùnrin

Ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Ta ni kò mọ òwe yìí? Àní ẹni tí wọ́n máa ń pa á mọ́ gan-an mọ̀ ọ́n. Ó kàn máa ń rò pé aládùúgbò òun ni wọ́n ń bá wí ni. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ ti fura pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ kò ro ẹ̀fọ́ rí láyé, kò sì ṣán ìgbẹ́ tó ìwọ̀n ẹní kan rí. Ìfura yín tọ̀nà. Ohun tí ẹ kò tíì fura sí ni pé ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ètò í ṣe. Ètò rẹ̀ a máa dára débi pé òun fúnra rẹ̀ kì í rí ìdí tí ó fi yẹ kí iṣẹ́ dí i lọ́wọ́.

Oyèkànmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Ìdí-Ayin. Ọdún méje ló fi ṣe ẹmẹsẹ̀ láàfin ọba ìlú ńlá kan tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí tiwọn. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé kó máa to ènìyàn: ta ni yóò ṣáájú bí ọba bá ń jáde, ta ni yóò tẹ̀ lé e, ìjòyè wo ni yóò jókòó síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Láàfin, bí Oyèkànmí bá ti na ọ̀pá rẹ̀ báyìí, ogún ènìyàn a ti dìde. Kò fìgbà kan bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń gbé wọn dìde. Ó ti gbà pé ọ̀pá ni.

Nígbà tó padà wálé lásìkò òjò, ó mú ọ̀pá náà dání wá. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sára Àwẹ̀ró, ọmọ Ògúndíjọ alágbẹ̀dẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì wọ Àwẹ̀ró létí. Ta ni ìtàn ààfin kò ní wọ̀ létí? Ọmọbìnrin náà a máa jókòó tì í nídìí ẹwìrì baba rẹ̀, a máa rẹ́rìn-ín títí irin yóò fi tutù. Ògúndíjọ ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òòlù rẹ̀ ti ń pariwo tó fún àwọn méjèèjì. Ó wo ọkùnrin náà títí ẹ̀ẹ̀rùn fi wọlé, ó sì gbà pé kó wá fẹ́ ọmọ òun, bó bá ti ṣe ohun tí gbogbo àna ń ṣe.

Ní Ìdí-Ayin ìgbà náà, ọkùnrin kì í fi ẹnu lásán gba ìyàwó. Yóò pe ọ̀wẹ̀. Yóò kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn yóò sì lọ bá baba ìyàwó ṣiṣẹ́ oko. Ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀wẹ̀. Èyí kò ní àríyànjiyàn. Ògúndíjọ mú Oyèkànmí lọ sí ẹ̀yìn odò, ó fi igbó kan hàn án tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ìgbà baba rẹ̀.

"Ṣán an, kí o sì sun ún kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé," ó ní. "Bí òjò bá bá a ní ìdúró, má wulẹ̀ yọjú sí mi mọ́."

Oṣù kan péré ló kù kí wọ́n máa retí òjò. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́ náà, Oyèkànmí fi ogún gbáko ṣe ètò.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ètò náà dùn ún wò. Abẹ́ igi odán tó wà láàárín ìlú ló ti ń ṣe é. Ó fi ọ̀pá ya igbó náà sórí ilẹ̀, ó pín in sí apá mẹ́ta, ó pín ọgbọ̀n ọkùnrin sí agbo mẹ́ta, ẹni mẹ́wàá mẹ́wàá. Agbo kìíní yóò ṣán ìgbẹ́ wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá ṣán an tán pátá, agbo kejì yóò dìde, yóò gé igi. Bí igi bá wó tán pátá, agbo kẹta yóò dìde, yóò rẹ́ ẹ̀ka, yóò sì kó o jọ. Kò sí ẹni tí yóò ṣáájú ẹni tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìjòyè kan kì í ti í fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìjòyè kejì lẹ́yìn ọba. Ó ti wọn òjìji, ó mọ ibi tí yóò dé kí agbo kọ̀ọ̀kan tó sinmi. Ó ti yan orin tí agbo kọ̀ọ̀kan yóò kọ. Àwọn àgbà ń wá wò ó, wọ́n ń mi orí. Ẹnìkan bèèrè pé bí òjò bá yára dé ńkọ́, Oyèkànmí sì dá a lóhùn pé òjò kò sí nínú ètò.

Ó wá ku oúnjẹ. Àṣà Ìdí-Ayin ni pé, bí ọ̀wẹ̀ bá bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó pe é gbọ́dọ̀ lọ tọrọ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, nítorí ọgbà tí wọ́n ń bomi rin létí odò nìkan ni ewé tútù wà lákòókò náà. Yóò lóṣòó sí ẹnu ọgbà. Àwọn obìnrin yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Wọn yóò ní imú rẹ̀ dà bí ìdí odó, wọn yóò bi í bóyá ìyàwó tó ń fẹ́ náà ti rí i ní ọ̀sán gangan. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, olúkúlùkù yóò já ẹ̀kúnwọ́ kan fún un. Kò sí ẹni tí wọ́n fi dù rí. Yẹ̀yẹ́ yẹn ni owó ẹ̀fọ́.

Oyèkànmí kò ní í lóṣòó. Èyí náà kò sí nínú ètò. Nígbà tó ń padà bọ̀ wálé lásìkò òjò, ó ti gba etí igbó yẹn kọjá, ó sì rí ẹ̀bòlò tó bo ilẹ̀ bí ẹní nínú oko kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ó kọ ọ́ sínú ọkàn rẹ̀ pé ẹ̀bòlò inú igbó náà ni ọ̀wẹ̀ yóò jẹ. Ẹ wo ọgbọ́n náà. Iṣẹ́ níbẹ̀, ọbẹ̀ níbẹ̀, kò sí pé à ń ru agbọ̀n káàkiri.

Ó lọ sọ fún Ìyá Abíọ́nà, ìyálé ilé baba rẹ̀, òun ló ń dáná bí ìnáwó bá dé. Ìyá Abíọ́nà gbé ajọ̀ tó fi ń ku èlùbọ́ sílẹ̀.

"Kànmí, ọkọ mi. Ẹ̀bòlò, nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì sun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O ti rí i níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ilẹ̀ kan náà kọ́ ni?"

Ìyá náà gbọn èlùbọ́ ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ọkọ mi, lọ sí ẹnu ọgbà. Wọn yóò fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀, wọn yóò sì fún ọ. Ìlóṣòó kì í pa ọkùnrin."

"Ìyá, ẹ má bínú. Orúnkún tó ti kúnlẹ̀ fún ọba kò ní í lóṣòó fún ewé."

"Ó dáa," ni Ìyá Abíọ́nà wí. "Kí ni ètò ní kí n gbé wá?"

Ó ka á fún un: ìkòkò ńlá, omi, epo, ata lílọ̀, iyọ̀, irú, iyán ọgbọ̀n ọkùnrin. Ìyá Abíọ́nà ní gbogbo rẹ̀ ni òun yóò gbé wá bó ṣe kà á gẹ́lẹ́, òun kò ní dín in, òun kò sì ní fi ohunkóhun kún un. Inú Oyèkànmí dùn. Ó ní ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ bí a ṣe ń gbọ́ràn báyìí lóde òní.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Ọgbọ̀n ọkùnrin dé pẹ̀lú agada, ìrì ṣì wà lórí koríko. Oyèkànmí dúró sórí òkìtì kan, ó na ọ̀pá. Agbo kìíní wọ igbó, wọ́n ń ṣán, wọ́n ń kọrin tí wọ́n yàn fún wọn. Ogún ọkùnrin tó kù jókòó.

Akínlàjà wà nínú àwọn tó jókòó, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń gbẹ́ odó tà. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní òun rí i pé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún kò ní ìgbẹ́ wẹ́wẹ́ rárá, igi lásán ló wà níbẹ̀. Ṣé kí àwọn kúkú bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀? Oyèkànmí fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé agbo kejì kì í ṣáájú agbo kìíní. Akínlàjà ní òun gbọ́. Ó fi agada rọrí, ó sì sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn náà fi tiwọn rọrí. Àwọn mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ ń wẹ̀yìn, wọ́n ń rí ogún tó ń hanrun, ọwọ́ wọn sì ń rọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi ń sún mọ́ àtàrí, ibi tí wọ́n ṣán kò ju ìwájú ilé kan lọ. Agbo kejì kò tíì dìde. Oyèkànmí ní kò burú, bí wọ́n bá jẹun tán, iṣẹ́ yóò bá òjìji dọ́gba.

Gbogbo wọn wá sábẹ́ igi. Iyán ti wà nílẹ̀ nínú ọpọ́n. Ìyá Abíọ́nà ti dáná, omi ń hó, ata ti délẹ̀, irú ń ta sánsán. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní, "Ọkọ mi, ewé dà?"

Oyèkànmí rán ọkùnrin méjì pé kí wọ́n já ẹ̀bòlò wá. Wọ́n lọ, wọ́n pẹ́, wọ́n fi agbọ̀n òfìfo padà. Wọ́n ní àwọn rí ewé ìrókò, àwọn rí ewé ayin, àwọn rí ejò kan; àwọn kò rí ẹ̀bòlò. Nígbà náà ni Akínlàjà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀bòlò ni wọ́n ń wá nínú igbó kìjikìji? Kànmí, ẹ̀yìn iná ni ẹ̀bòlò ń gbà wá. A ó ṣán igbó, a ó sun ún, òjò yóò rọ̀ sórí eérú, kí ẹ̀bòlò tó yọjú. Oko tí o rí yẹn, wọ́n ti sun ún kí o tó dé. Àbí ká jókòó dè é?"

Bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an nìyẹn. Nínú ètò Oyèkànmí, ọ̀wẹ̀ ń dúró de ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ sì ń dúró de ọ̀wẹ̀, olúkúlùkù sì gbà pé ẹnìkejì ló kàn.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ kó hàn lójú. Ó mọ àṣà. Bí òjìji bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ tí oúnjẹ kò tíì kan ọwọ́, ọ̀wẹ̀ yóò lọ fọ agada rẹ̀ nínú odò. Ọ̀wẹ̀ tó bá sì ti fọ agada kì í padà sí oko yẹn mọ́ lọ́dún náà. Bí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí bá lọ, Àwẹ̀ró bá wọn lọ nìyẹn.

Kí ni kó ṣe? Ọgbà àwọn obìnrin kò jìnnà, ó ń gbọ́ ohùn wọn létí odò. Kó rìn lọ, kó lóṣòó, kó gba yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Oyèkànmí ro èyí wò. Ta ni kó lóṣòó? Òun tí ìjòyè mẹ́rìndínlógún ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀? Ó na ọ̀pá. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, ẹ̀fọ́ ń bọ̀, kí òun kọ́kọ́ sọ fún wọn irú ẹ̀fọ́ tó ń bọ̀.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ròfọ́. Ó da epo sínú ìkòkò tí kò sí níbẹ̀, ó jẹ́ kó gbóná títí tó fi yọ́ mọ́. Ó da ata sí i, ata náà dún ṣàá nínú epo. Ó gún irú, ó fi í sí i. Ó yọ egungun ara ẹja gbígbẹ, ó ya á wẹ́wẹ́. Ó bu olú ògìrìyẹ̀yẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu nídìí ọ̀pẹ lé e. Ó bọ ewé, ó fún omi rẹ̀ nù, ó ní ẹni tí kò bá fún omi ẹ̀fọ́ nù kò mọ iyì iyán. Ó rọra tú u sínú ata, ó ní kí wọ́n má rò ó ní àròjù, kí epo lè yọ sójú rẹ̀ bí oòrùn òwúrọ̀. Ó dára. Ọkùnrin kan gbé itọ́ mì, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Òmíràn bu òkèlè iyán, ó yí i, ó nawọ́ rẹ̀ síwájú láti fi kan ọbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì fọwọ́ kàn.

Lójú iná, omi inú ìkòkò gidi ti hó gbẹ.

Àwẹ̀ró ti dúró lẹ́yìn wọn. Omi mímu ló gbé wá fún ọ̀wẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ àna ti ń ṣe. Ó dúró títí ẹ̀fọ́ náà fi jinná. Ó wá sọ ìkòkò orí rẹ̀ kalẹ̀, ó sún mọ́ Oyèkànmí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Ọgbà ìyá mi ló wà lọ́hùn-ún. Mo ti bá wọn sọ ọ́, yẹ̀yẹ́ wọn kò ní pẹ́. Jọ̀wọ́, lọ lóṣòó."

Oyèkànmí kò rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. "Àwẹ̀ró, n kò lọ. Bí mo bá lóṣòó lónìí, ta ni yóò dìde lọ́la bí mo bá na ọ̀pá?"

"Nítorí tèmi ńkọ́?"

"Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ṣe ètò."

Àwẹ̀ró wò ó. Ó wo ìkòkò tó ń jóná, ó wo iyán tó ti ń dì. Kò bínú, ó jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun kan tó ti ń wá tipẹ́. Ó yí padà, ó sì mú agada kan nínú èyí tí wọ́n tò sílẹ̀.

"Ẹnu dùn ún ròfọ́," ó ní.

Ó rìn dé etí igbó. Ó gbé agada sókè, ó ṣán an lẹ́ẹ̀kan, igi kékeré kan wó.

"Agada ọwọ́ dùn ún ṣánko."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin náà dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ fọ agada wọn nínú odò, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé, nítorí òjìji ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀, àṣà sì ni àṣà. Akínlàjà nìkan ló yà lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà. Ó gba agada ọwọ́ rẹ̀, ó fi tirẹ̀ rọ́pò, ó ní tòun ló mú jù, ó sì bá ọ̀nà ilé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró kó ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ méje lẹ́yìn, wọ́n padà sí igbó náà. Ariwo ta. Ní Ìdí-Ayin, obìnrin kì í ṣán igbó. Àwọn àgbà rán Ògúndíjọ pé kó lọ dá ọmọ rẹ̀ lẹ́kun, Ògúndíjọ sì lọ. Ó bá a nínú òógùn, ó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Baba," ni Àwẹ̀ró wí, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, "igbó náà kò tíì bi mí bóyá obìnrin ni mí."

Ògúndíjọ jókòó sórí kùkùté, ó yọ òkúta ìpọ́nrin jáde, ó sì ní kí wọ́n kó agada wọn wá ní méjì méjì. Ìdáhùn tó rán padà sí àwọn àgbà nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣán igbó. Wọn kò pín ara wọn sí agbo; ẹni tó bá rí ìgbẹ́ a ṣán ìgbẹ́, ẹni tó bá rí igi a gé igi. Òjò ọdún náà pẹ́ díẹ̀, oòrùn sì mú. Wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n sun ún, èéfín rẹ̀ bo ìlú. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sun ún ni òjò àkọ́rọ̀ dé.

Kí lẹ rò pé Oyèkànmí ṣe? Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó múra, ó mú ọ̀pá, ó lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ó kí Ògúndíjọ dáadáa. Ó ní òun wá fi tó o létí pé wọ́n ti ṣán igbó náà, wọ́n sì ti sun ún kí òjò tó dé, gẹ́gẹ́ bí àwọn méjèèjì ti ṣàdéhùn, ó wá ku kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ní òun tilẹ̀ ti ní ètò kan lọ́kàn fún ìyẹn.

Ògúndíjọ gbé òòlù sílẹ̀. "Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ hàn mí."

Oyèkànmí na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó jọ̀lọ̀ bí ewé ògẹ̀dẹ̀. Ògúndíjọ pe Àwẹ̀ró, ó ní kí ó na tirẹ̀ síbẹ̀. Ti Àwẹ̀ró ti lé, ó ti bó, ó sì ti ń le. Baba náà wo ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó mú òòlù rẹ̀, ó sì padà sídìí irin. Oyèkànmí dúró díẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ìró òòlù ló gbọ́ títí ó fi gba ọ̀nà ilé.

Láti ìgbà náà ni òwe yìí ti di ti gbogbo wa. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó jókòó sábẹ́ òjìji tó ń júwe iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Wọ́n máa ń pa á bí ènìyàn bá ń sọ bí yóò ti tún ìlú ṣe, tí ẹni tó ń gbọ́ sì ti ń gbé itọ́ mì. Wọ́n ń pa á kí a lè rántí pé ẹnu kò ní ṣàì dùn, ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ló ń ṣánko. Ní ti Oyèkànmí, kò gbà fún ẹnikẹ́ni títí ó fi hu ewú pé òun ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó tì í lábẹ́ igi odán, yóò fi ọ̀pá ya igbó náà fún un sórí ilẹ̀, yóò fi agbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án, yóò sì fi ibi tí àwọn ènìyàn ti ba ètò náà jẹ́ hàn án pẹ̀lú. Àwọn tó gbọ́ ọ ní àlàyé rẹ̀ yè kooro. Ọmọ márùn-ún ni Àwẹ̀ró bí. Kò bí ọ̀kankan fún un.